Irun àgùntàn, acrylic tàbí cotton: èwo ni kí ẹ rà fún kúbùsù ìkọ́ṣẹ́?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìhun dáadáa, tí kò sì fẹ́ kí ìdánrawò rẹ̀ di àjákù inú àpò, kúbùsù ìkọ́ṣẹ́ ni mo máa ń ní kó hun. Ègé kan, ọnà kan. Ẹ hun garter (knit nìkan ní gbogbo ìlà) sórí ègé kìíní, ẹ fi knit (ojú ìhun tí a fà wá síwájú) àti purl (èyí tí a fà sẹ́yìn) ṣe igun mẹ́rin kéékèèké sórí ìkejì, ẹ ṣe cable tí ojú ìhun ń gun ara wọn bí irun tí a dì sórí ẹ̀kẹta, kí ìhun oníhò tẹ̀ lé e, títí ègé 20 yóò fi pé. Bí ègé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 30cm nígùn àti níbùú, tí ẹ sì so wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà márùn-ún, kúbùsù 120cm sí 150cm ló máa jáde.

Òwú tí ẹ bá rà ni yóò sọ bóyá àwọn ègé yẹn máa gbà láti dúró ti ara wọn. Mo ti fi acrylic hun odidi kan. Èyí tí mo fi irun àgùntàn hun ló wà lórí ibùsùn mi báyìí. Mo fi cotton hun kékeré kan fún ọmọ ọwọ́. Òwú worsted, ìyẹn èyí tó nípọn níwọ̀nba, tó máa ń lọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ bíi 5mm, ni mo ní lọ́kàn nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìwọ̀n ègé: ibi tí owó mi gbé ṣòfò

Ọ̀pọ̀ olùtà kì í dárúkọ èyí rárá. Ọnà ìhun kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń fẹ̀ tó. Ẹ fi ojú ìhun 50 bẹ̀rẹ̀ garter, ẹ tún fi 50 bẹ̀rẹ̀ cable, abẹ́rẹ́ kan náà, òwú kan náà: ti cable á fún, nítorí ojú ìhun tó ń gun ara wọn ń fa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé. Ìhun oníhò á tàn kalẹ̀. Stockinette (ìlà kan knit, ìlà kejì purl) á máa ká létí. Garter á kúrú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlà méjì fún ojú ìhun kan kí gígùn rẹ̀ tó bá ìbú dọ́gba, nígbà tí stockinette kò gbà ju bí ìlà 7 lọ fún ojú ìhun 5. Àpẹẹrẹ (ìwé tó ń sọ bí a ó ṣe hun ègé kọ̀ọ̀kan) tó dára máa ń yí iye ojú ìhun padà láti ègé dé ègé nítorí èyí. Síbẹ̀, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró sójú kan. Ẹni tó ń fa òwú le nígbà tó bẹ̀rẹ̀ á ti tú ọwọ́ sílẹ̀ kó tó dé ègé kẹwàá. Kí ègé méjì fi 2cm tàbí 3cm ju ara wọn lọ, ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ retí ni.

Nínà ló ń tún un ṣe, ibẹ̀ gan-an sì ni òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pínyà.

Irun àgùntàn ń gbọ́ràn sí omi lẹ́nu. Ẹ rẹ ègé náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ omi ara rẹ̀ jáde láìlọ́ ọ, ẹ tẹ́ ẹ sórí fóòmù, kí ẹ fi píìnì tí kì í dípẹtà kàn án mọ́ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́. Omi á ti dẹ àwọn ìsopọ̀ kan nínú fọ́nrán irun náà. Bó ṣe ń gbẹ ni wọ́n á tún dè ní ipò tuntun. Ègé 28cm á di 30cm, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi tún fọ̀ ọ́. Ojú ìhun tó rí wọ́gọwọ̀gọ á tún tò dọ́gba, èyí tó máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgboyà gidi.

Acrylic, ike ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ kàn án mọ́lẹ̀, á gbẹ. Tí ẹ bá yọ píìnì tán, á sún padà síbi tó ti ń bọ̀. Ooru nìkan ló lè yí i padà: ẹ ó gbé áyọ́ọ̀nù tó ń tú ooru omi sókè rẹ̀ láìjẹ́ kó kàn án. Bí ooru náà bá pọ̀ díẹ̀ jù, òwú náà á kú, á rọ jọ̀wọ̀lọ̀, kò sì ní padà mọ́ láéláé.

Ẹni tó ta tèmi fún mi fi dá mi lójú pé bí wọ́n ṣe ń na irun àgùntàn náà ni wọ́n ń na acrylic. Nígbà tí ègé mi pé, èyí tó kéré jù kò ju 26cm, èyí tó tóbi jù lé ní 30cm. Omi kò ṣe nǹkan kan sí wọn. Nígbà tí mo lo ooru, àwọn cable tó ga dáadáa tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí wọ́n tó ṣeé so pọ̀, mo ní láti hun etí yí àwọn ègé kékeré ká, òwú sì tán lórí rẹ̀. Mo ra sí i: ilé iṣẹ́ kan náà, àwọ̀ kan náà, àmọ́ nọ́ńbà aró tó wà lára bébà rẹ̀, tó ń sọ àwọn bọ́ọ̀lù tí wọ́n pa láró pọ̀, yàtọ̀. Etí yẹn hàn gedegbe títí di òní. Tí mo bá ro owó òwú àfikún náà pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, irun àgùntàn ì bá má wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Cotton ṣeé fi omi nà, ó sì ń gbọ́ dé ìwọ̀n kan. Ohun tí kò ní ni agbára láti fà padà. Tí kúbùsù bá ti tóbi, ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ á máa fà á gùn.

Ẹ kíyè sí irun àgùntàn tí wọ́n kọ superwash sí lára. Wọ́n ti ṣe é kí ẹ̀rọ ìfọṣọ má bàa sọ ọ́ di kíki, àmọ́ tí ó bá tutù ó máa ń gbòòrò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má nà án jù, ẹ jẹ́ kó gbẹ ní ìwọ̀n tó wà nínú àpẹẹrẹ.

Àwọn nǹkan yòókù

Fífọ̀: acrylic ló rọrùn jù, cotton tẹ̀ lé e. Irun àgùntàn tí kì í ṣe superwash, ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.

Owó: acrylic ló sábà máa ń dínwó jù, bí ẹ bá máa rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọwọ́ yín: cotton kì í nà kó tún fà padà, nítorí náà cable rẹ̀ máa ń ro ọrùn ọwọ́. Irun àgùntàn ń fà díẹ̀ lórí abẹ́rẹ́, ìyẹn ló dára fún ẹni tó ń kọ́.

Títú iṣẹ́: bí ojú ìhun kan bá já bọ́ lórí irun àgùntàn, ó máa ń dúró dè yín díẹ̀. Lórí cotton tó ń yọ̀, á ti sá lọ sísàlẹ̀.

Kòkòrò: ìdin kòkòrò aṣọ ń jẹ irun àgùntàn. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kó o pamọ́.

Iná: acrylic máa ń yọ́ mọ́ ara. Irun àgùntàn kì í tètè gbiná.

Àwọ̀: èyíkéyìí tí ẹ bá rà, kó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀. Òwú aláràbarà máa ń bo cable mọ́lẹ̀, dúdú kì í jẹ́ kí ẹ rí ojú ìhun tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Èwo wá ni kí ẹ rà?

Bí kúbùsù náà bá ń lọ sílé tí wọ́n ti máa jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, acrylic dára. Ẹ kàn yan àpẹẹrẹ tí ègé rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, bíi garter àti moss (knit kan, purl kan, tí a ń pààrọ̀ wọn láti ìlà dé ìlà), kí ẹ fi cable àti ìhun oníhò sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Bó bá jẹ́ kékeré fún ọmọ ọwọ́, cotton tutù lára, ó sì mọ́ tónítóní. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ́ gbogbo ọnà tó wà nínú àpẹẹrẹ náà, kí ègé 20 sì bára mu ní ìparí, irun àgùntàn ni.

Bọ́ọ̀lù 100g, tí òwú rẹ̀ gùn tó bíi mítà 200, ẹ ó nílò bíi 10 sí 12. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ wo nọ́ńbà aró lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ kọ́kọ́ ra bọ́ọ̀lù kan, ẹ fi hun ègé pẹ́pẹ̀pẹ́ mẹ́ta: garter, cable, ìhun oníhò. Ẹ rẹ wọ́n, ẹ kàn wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ẹ yọ píìnì nígbà tí wọ́n bá gbẹ, kí ẹ sì tún wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ kejì. Bọ́ọ̀lù ìdánwò yìí lè má ní nọ́ńbà aró kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, nítorí náà ẹ má kà á mọ́ wọn.