CISM lójú ẹni tó fẹ́ di ọ̀gá ààbò ìsọfúnni ní báǹkì Èkó

Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ní Marina àti Victoria Island, tí ọ̀rọ̀ bá ti kan bí èèyàn ṣe ń di CISO, ìyẹn ọ̀gá tó ń bójú tó ààbò ìsọfúnni, orúkọ CISM, ìwé ẹ̀rí fún àwọn tó ń darí ààbò ìsọfúnni, kì í pẹ́ jáde. Àjọ ISACA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò àti ààbò ẹ̀rọ ìsọfúnni, tó ní ẹ̀ka ní Èkó, ló ni ìwé ẹ̀rí náà. Ojú ọjà la ó fi wò ó níbí: èló ni, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ibo ló kù sí?

Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni bó ṣe ń yí ìrònú ọmọ ẹ̀rọ padà. Ìbéèrè 150 ló wà nínú ìdánwò rẹ̀, wákàtí 4 ni wọ́n fún yín, 450 sì ni máàkì tó ń gba èèyàn là lórí òṣùwọ̀n 200 sí 800. Ọ̀pọ̀ tó mọ fáyàwọ́ọ̀lù, odi ààbò ẹ̀rọ, bí ẹni mowó ló ń ṣubú níbẹ̀. Ẹ wo irú ìbéèrè yìí: báǹkì fẹ́ gbé áàpù tuntun jáde, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ihò wà lára rẹ̀. Kí ni ọ̀gá ààbò máa kọ́kọ́ ṣe? Ọmọ ẹ̀rọ á ní kí wọ́n dá a dúró. Ohun tí CISM ń fẹ́ ni kó wọn ewu náà, kó sì gbé e lọ bá ẹ̀ka tó ni áàpù, torí ọrùn wọn ni èrè àti ewu rẹ̀ wà. Ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dà bí òótọ́, nítorí náà ẹ máa fojú sí FIRST, BEST àti MOST tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ.

Bí wọ́n ṣe pín in láti 2022 nìyí: ìṣàkóso 17%, ewu 20%, gbígbé ètò ààbò kalẹ̀ 33%, bíbójú tó ìkọlù 30%. Ẹni tó bá fi gbogbo àkókò rẹ̀ ka ìṣàkóso nìkan ti fi 63% tó wà ní ìpín méjì tó kẹ́yìn ṣeré.

Ibi tó kù sí ni pé ìdánwò náà kò mọ Nàìjíríà. Kò ní bi yín pé wákàtí 72 ni òfin dátà ti 2023 fún ilé iṣẹ́ láti sọ fún NDPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo dátà, tí dátà tó lè pa aráàlú lára bá jò, tàbí pé ìlànà CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, kò fẹ́ kí CISO wà lábẹ́ olórí ẹ̀ka IT. Ẹ̀yin lẹ máa fúnra yín kà wọ́n. Kò sì kọ́ni bí wọ́n ṣe ń bá ìgbìmọ̀ olùdarí sọ̀rọ̀ owó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Iye fáírọ́ọ̀sì tí ẹ dí kò kàn wọ́n. Wákàtí mélòó ni oníbàárà ò fi ní lè fowó ránṣẹ́? Náírà mélòó ló máa bá a lọ? Èló la máa ná láti dín in kù? Ojú ìwé kan ti tó fún ìyẹn.

Owó rẹ̀ wọ́n, ká má purọ́: dọ́là 575 fún ọmọ ẹgbẹ́ ISACA, 760 fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ fi owó ẹgbẹ́ wé 185 tó wà láàárín wọn kí ẹ tó yàn. Owó ìforúkọsílẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí, dọ́là 50, tún ń bọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yege.

Ẹ lè jókòó ilé ṣe é, àmọ́ ní Surulere tàbí Mushin, ẹ rò ó dáadáa. Kámẹ́rà ló ń ṣọ́ yín, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ wọlé tọ̀ yín. Ẹ má lo láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì, torí ààbò tí wọ́n dì sínú rẹ̀ sábà máa ń dí ètò ìdánwò. Láìsí ínfátà tó lè gbé ẹ̀rọ àti íntánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí 5, gbọ̀ngàn ìdánwò ló sàn. Tí ẹ bá kùnà, ọjọ́ 30 ni ẹ máa dúró. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó di 90.

Bí ìwé ẹ̀rí náà kò ṣe ní bọ́ lọ́wọ́ yín ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Wákàtí ẹ̀kọ́ 20 lọ́dún ni wọ́n ní kó má dín sí, àwọn kan sì ń fi mọ síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta jẹ́ 60, nígbà tó jẹ́ pé 120 ni wọ́n ń béèrè.

Ìmọ̀ràn wa: ẹni tó ṣì ń ṣọ́ ìkìlọ̀ ìkọlù lójú ẹ̀rọ ní òru kò tíì nílò rẹ̀. Ìrírí ọdún 5 ni wọ́n ń béèrè, 3 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìdarí. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, CISSP, ìwé ẹ̀rí ààbò ìsọfúnni mìíràn, ni kó ṣáájú, ìpín 8 ni, dọ́là 749, ó sì kún fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Tó bá yá, CISSP á gé ọdún 2 kúrò nínú 5 yẹn, ṣùgbọ́n kò kan 3 ti ìdarí.