Ṣọ́ọ̀bù gémù tí wọn kì í ti í bú ìyá ẹni

Sátidé mẹ́ta ni mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù gémù kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ ò fẹ́ èrò púpọ̀. Wákàtí kan, ₦1,500. Ẹ̀rọ márùn-ún ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó sídìí ìkẹrin: pádì tí wọ́n fi ń darí gémù rẹ̀ ń fà sápá òsì, wọ́n á ti pa yín kẹ́ ẹ tó yíjú.

Nínú gémù ìbọn tí mo máa ń gbá nílé, 'Ẹ káàsán' lásán ni mo máa sọ tí wàhálà á fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé obìnrin ni. Ọ̀kan á ní kí n lọ se ọbẹ̀. Èkejì á bèèrè iye tí mò ń gbà lálẹ́ kan. Mo bá pa máìkì, mo wá ń gbá gémù bí odi.

Lóṣù Kẹjọ 2023, Activision, iléeṣẹ́ tó ń ṣe gémù ìbọn Call of Duty, kéde pé àwọn á fi ẹ̀rọ ToxMod máa tẹ́tí sí ohun táwọn èèyàn ń fẹnu sọ nínú gémù náà. Kì í dájọ́ o, ẹjọ́ ló ń sùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́nìkan bá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lẹ́ẹ̀mẹta pé 'O káre láé', ẹ̀rọ wo ló máa mọ̀ pé èébú ni?

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yìí mọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, tó ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ ó rò pé ó ń tòògbé. Sátidé tó kọjá, mo pa ọmọkùnrin kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní, 'Àǹtí, ẹ káre láé. Ta ló wá ń tọ́jú ọkọ yín báyìí?'

Ọ̀gá ò pariwo. Ó rìn wá, ó gba pádì lọ́wọ́ ẹ̀. 'Ogójì ìṣẹ́jú ló kù fún ẹ. Àǹtí ló ni ín.'

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. 'Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́.'

'Ṣé èmi lo bú?'

Ó bá yíjú sí mi. 'Àǹtí, ẹ má bínú.'

Mo dá ogún ìṣẹ́jú padà fún un. Ogún yòókù, mo gbá a tán.

Kẹ́ ẹ fi bí mo ṣe ń yìnbọn ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú; gémù ò dùn láìsí i. Ìyá ẹni, ìlú ẹni àti ara ẹni lọ̀gá ò gbà.

Ẹ mú omi dání, tiwọn kì í tutù. Kẹ́ ẹ sì tètè dé: tó bá ti di aago méjì, ọmọ yẹn á ti gba ìdí ẹ̀rọ kìíní.