Ọlọ́pàá lórí Facebook: ṣé kó pa á rẹ́ ni, àbí kó máa fọgbọ́n lò ó?

Ọlọ́pàá méjì ló wà ládùúgbò wa ní Ṣàgámù. Ẹ̀gbọ́n ti pa Facebook rẹ̀ rẹ́ pátápátá. Àbúrò ṣì wà níbẹ̀: ẹran Iléyá, aṣọ tó wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ ìbí ọmọ. Kì í sọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í gbé fọ́tò afurasí.

Abala 39 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo wa lómìnira ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n ó gbà kí òfin fi gbèdéke sí ti ọlọ́pàá. Abala 36 ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi, àfi tí wọ́n bá fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀. Ọlọ́pàá tó ti pè é lólè lórí Facebook ńkọ́?

Pípa á rẹ́ ń fini lọ́kàn balẹ̀, àmọ́ kò ká gbogbo rẹ̀. Lánàá, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp: ó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, yúnífọ́ọ̀mù rọ̀ sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ tó wà láyà aṣọ hàn ketekete.

Ti Àbúrò ni mo fara mọ́, kó ṣá ti máa gbé fóònù sílẹ̀ bí ẹnìkan bá bú u. Lálẹ́ ni èèyàn lè tètè fèsì irú èébú bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́, tí inú ṣì ń ru.