Gapminder: Ohun Èlò Tí Ó Yẹ Kí Olùkọ́ Jọ́gíráfì Ní Lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ girama ni ó gbà pé oríṣi orílẹ̀-èdè méjì péré ni ó wà láyé, ti olówó àti ti òtòṣì, àti pé bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò wà títí láé. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí, kò sí èyí tí ó ń tú èrò yìí ká bí Gapminder, ìkànnì ọ̀fẹ́ tí Hans Rosling, oníṣègùn ọmọ Swíídìn, dá sílẹ̀ ní 2005 pẹ̀lú Ola ọmọ rẹ̀ àti Anna Rosling Rönnlund, aya Ola.

Lórí àtẹ àwòrán tí ó wà níbẹ̀, àmì róbótó kọ̀ọ̀kan dúró fún orílẹ̀-èdè kan, ó sì ń tóbi bí àwọn èèyàn ibẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Bí owó tí ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń pọ̀, yóò sún sí ọ̀tún. Bí ẹ̀mí àwọn aráàlú bá ń gùn, yóò gòkè. Bí olùkọ́ bá tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀, ọdún á máa yí láti 1800 títí di àkókò tiwa. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí Rùwáńdà tí ó já wálẹ̀ lójijì ní 1994, nígbà tí wọ́n pa àwọn Tutsi nípakúpa, yóò sì rí bí ó ṣe tún gòkè. Èyí tí ó wú mi lórí jù ni Bangladéṣì, tí ó fi ogun gba òmìnira ní 1971. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó tí ń wọlé fún àwa ọmọ Nàìjíríà ju tiwọn lọ, síbẹ̀ ẹ̀mí wọn gùn ju tiwa lọ dáadáa. Kí ni wọ́n ṣe? Ìbéèrè yìí nìkan tó odindi ẹ̀kọ́ kan, nítorí yóò gbé kíláàsì dé orí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin, àti iṣẹ́ BRAC, àjọ aṣèrànwọ́ kan ní Bangladéṣì, tí ó rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé ní àwọn ọdún 1980 kí wọ́n lè kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu.

Àbùkù rẹ̀ ni pé àmì kan ṣoṣo ni ó kó Èkó àti Sókótó pọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi ní gbà kí olùkọ́ lò ó láìfi Dollar Street kún un, apá tí Anna dá sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti to àwòrán ìdáná, ibùsùn àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àwọn ìdílé káàkiri àgbáyé gẹ́gẹ́ bí owó tí ń wọlé fún wọn lóṣù. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí i pé ìdáná olówó jọra káàkiri ayé.

Olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun méjì kí ó tó bẹ̀rẹ̀: ìṣirò àfojúdá ni ọ̀pọ̀ iye ìgbà àtijọ́, owó tó wà lórí ìlà ìsàlẹ̀ àtẹ náà sì ń di ìlọ́po méjì ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilé-ìwé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì déédéé lè gba ẹ̀yà tí ń ṣiṣẹ́ láìsí i sórí kọ̀ǹpútà. Ní ti àwòrán Dollar Street, wọ́n gba olùkọ́ láàyè láti tẹ̀ wọ́n sórí bébà, bí ó bá ṣá ti sọ ibi tí ó ti rí wọn.