Ẹ̀rọ ìyẹ̀wò ìlera fún òbí tó wà nílé: èwo ni kí ẹ rà?

Bí ẹ bá wà ní London tàbí Houston, tí Màámi sì wà ní Ìbàdàn, ohun tí ẹ ń wá ni kí nọ́ńbà ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn máa dé ọwọ́ yín àti ọwọ́ dókítà kí ọ̀rọ̀ tó di ti ilé ìwòsàn lọ́gànjọ́ òru. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí pọ̀ lọ jàra. Mẹ́ta ni mo ti rà fún màmá mi. Méjì ń gba eruku lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ti apá àbí ti ọrùn ọwọ́?

Ẹ̀rọ ìfúnpá ti ọrùn ọwọ́ kéré, ó ṣeé kó sínú báàgì, àgbàlagbà kò sì ní máa ká apá aṣọ sókè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà ní déédéé ọkàn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí ọwọ́ bá wà lórí itan, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá gbé e ga ju àyà lọ, á wálẹ̀. Ìyá ẹni ọdún 75 wo ni yóò máa rántí ìyẹn láràárọ̀? Ti apá ni mo fara mọ́. Orúkọ tí a ń pè é gan-an, ìfúnpá, tó tún jẹ́ orúkọ oògùn tí àwọn baba wa ń so mọ́ apá, kò dárúkọ ọrùn ọwọ́. Àfi ẹni tí apá rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ìdìpá (aṣọ ẹ̀rọ tí a ń dì mọ́ apá) kankan kò yí i ká.

Ẹ ní kí wọ́n fi téépù télọ̀ wọn apá Màámi kí ẹ tó sanwó, láàárín èjìká àti ìgúnpá. Ìdìpá tó wọ́pọ̀ wà fún apá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tó gbòòrò ń dé 42. Bí ìdìpá bá kéré jù, ẹ̀rọ á ka ìfúnpá tó ga ju ti òótọ́ lọ. Èmi kò wọ̀n ọ́n nígbà àkọ́kọ́, odindi oṣù kan la sì fi ń sáré kiri nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ yẹ nọ́ńbà mọ́dẹ́lì ara páálí wò lórí validatebp.org tàbí stridebp.org, níbi tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti dán wò sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ sì mọ̀ pé 140/90 tí wọ́n ń pè ní ààlà ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn, 135/85 ni tiẹ̀ nínú ilé.

Báwo ni nọ́ńbà ṣe máa dé ọ̀dọ̀ yín?

Èyí tó ní Bluetooth, bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Omron, nílò fóònù tó ní áàpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni Màámi ń lò, owó Bluetooth ti ṣòfò. Withings BPM Connect ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí Wi-Fi, ó dára gan-an, àmọ́ ó fẹ́ Wi-Fi nínú ilé, ó sì fẹ́ ká máa fi iná gba á lágbára. Ẹ mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà ń fún aláìsàn ní ẹ̀rọ tó ní síìmù nínú, tí kò nílò fóònù rárá. Ní 2019 ni Medicare (ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà) fi kóòdù owó tirẹ̀ sílẹ̀ fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Bí Màámi bá ń gbé lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ẹ béèrè fún un. Ẹ má kàn gbé e wálé: ilé iṣẹ́ tó ni ín ló ń san owó síìmù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹ má retí pé yóò fọhùn ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Èwo ni màmá mi ń lò báyìí? Èyí tó ń lo bátìrì AA mẹ́rin, tó ń fi nọ́ńbà pa mọ́, tí ẹnì kan nínú ilé ń ya fọ́tò ojú rẹ̀ sí WhatsApp. Òun ló wọ́n kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka

Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú ìka kọjá láti mọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n àwọ̀ wa ń ṣì í lọ́nà. Ní December 2020, àwọn dókítà University of Michigan tẹ ìwádìí jáde: nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀rọ sọ pé ọ́síjìn wọn wà ní 92 sí 96%, ìdá 11.7 nínú 100 ni tiwọn kò tó 88% nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Láàárín àwọn òyìnbó, 3.6 ni. Bí èémí Màámi bá ń kúrú, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ohun yòówù kí ẹ̀rọ sọ. Ẹ nu pọ́líìṣì kúrò ní èékánná pẹ̀lú.

Ti ìtọ̀ ṣúgà

Owó kò sí lára ẹ̀rọ, ara sítíríìpù, pẹlẹbẹ kékeré tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, ló wà. Sítíríìpù Accu-Chek kò ṣeé fi sínú ẹ̀rọ OneTouch, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí tí kẹ́míìsì àdúgbò Màámi ń tà. Ẹ ṣọ́ra fún òǹkà: mmol/L ni ti Britain, mg/dL ni ti Amẹ́ríkà. Ẹ fi 18 sọ ti àkọ́kọ́ di púpọ̀, 7 á di 126.

FreeStyle Libre, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ṣúgà fúnra rẹ̀, máa ń lẹ̀ mọ́ apá fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni 20 sì lè máa wo nọ́ńbà rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn lórí áàpù LibreLinkUp. Fún ẹni tó ń gún insulin, mo rò pé owó rẹ̀ tọ́, bí ẹ bá lágbára láti máa rà á léraléra. Aago àti òrùka tó ní òun ń ka ṣúgà láìgún ara ńkọ́? Ní February 2024, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn àti ẹ̀rọ ìlera ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn kò fọwọ́ sí ọ̀kankan.

Kí ẹ tó rà ohunkóhun, ẹ pe dókítà Màámi: ṣé yóò máa wo nọ́ńbà náà, ọjọ́ wo ni, èló ni yóò sì gbà? Dókítà tiwa ní òun kò fẹ́ ojoojúmọ́. Ọjọ́ méje lósù, ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí màmá mi bá ti fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Àìsọ̀rọ̀ yẹn ló ṣòro jù.