Òṣùwọ̀n Àkìmọ́lẹ̀: Ìsọ̀ Oúnjẹ Kan ní Ọjà Bódìjà

Ìsọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yìí wà nínú ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, ní apá ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ gbígbẹ, níbi tí àpò ẹ̀wà, ìrẹsì, gàrí àti èlùbọ́ ti kún ojú ọ̀nà débi pé ńṣe ni ẹni tó ń kọjá máa ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Kò ní pátákó, kò sì sí ẹsẹ Bíbélì kankan lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Obìnrin tó ni ín ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì bẹ̀ mí pé bí mo bá máa kọ̀wé nípa ọjà òun, kí n má dárúkọ òun, nítorí náà ìyá ni n ó máa pè é. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ra oúnjẹ ilé mi lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ibi tí mo ti ń náwó, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé a lè wo ìdí kóńgò kí a sì rí ìgbàgbọ́ Kristẹni níbẹ̀.

Ẹni tí kì í sábà lọ sọ́jà lè béèrè pé kí ló kan ìdí kóńgò. Kóńgò ni abọ́ tí a fi ń wọn oúnjẹ gbígbẹ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá, òun ni ọ̀pọ̀ ìdílé sì fi ń ṣírò owó oúnjẹ oṣù. Àwọn ọlọ́jà kan máa ń fi iná yọ́ ìdí kóńgò oníke kí wọ́n lè tì í wọ inú. Àwọn mìíràn ń lu ìdí kóńgò onípáànù títí yóò fi gbé sókè, wọ́n ń gé díẹ̀ kúrò lára ètí rẹ̀, tàbí kí wọ́n da àbẹ́là yíyọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá kó ìrẹsì jọ sí orí rẹ̀ bí òkìtì, ara òkìtì náà ni ojú oníbàárà yóò wà, kò ní í rántí ìdí. Mo ti ra ẹ̀wà kóńgò márùn-ún rí níbòmíràn, tí kò kún mẹ́rin nígbà tí mo fi abọ́ tèmi wọ̀n ọ́n nílé, bẹ́ẹ̀ orin ìyìn ni ẹni tó tà á fún mi ń kọ bó ti ń bù ú sínú ọ̀rá. Ẹ̀wà tó dín kò dùn mí tó orin yẹn, nítorí pé orin náà ni mo gbọ́ tí mo fi dúró lọ́dọ̀ rẹ̀.

Onípáànù ni kóńgò ìyá yìí, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ètí rẹ̀ sì ti ń dán nítorí ìlò. Bí oníbàárà tuntun bá dé, ìyá á kọ́kọ́ dojú kóńgò náà dé kí ó rí ìdí rẹ̀, á tún gbé e lé e lọ́wọ́ pé kí ó fọwọ́ kan inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó bu nǹkan kan. Bó bá bu ìrẹsì kún un, á mì í lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè rọ̀ wálẹ̀, á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á tún bu òmíràn lé e, títí yóò fi máa ṣàn dànù sórí àpò tó tẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tó bá ti dà á sínú ọ̀rá tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ènì, ènì náà sì jẹ́ ènì ní tòótọ́, kì í ṣe ohun tó ti yọ tẹ́lẹ̀ tó wá ń dá padà. Mo ní ìwọ̀n kékeré kan nílé tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, mo sì ti fi wọn ìrẹsì rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìsọ fún un. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó ẹ̀kúnwọ́ kan.

Nínú odindi Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1884, a ka ọ̀rọ̀ Jésù nínú Lúùkù orí kẹfà ẹsẹ 38 pé òṣùwọ̀n dáradára, àkìmọ́lẹ̀, àmìpọ̀, àkúnwọ́sílẹ̀ ni a ó fi wọ̀n fún ẹni tó bá ń fún ni. Mo ti gbọ́ ẹsẹ yìí láìmọye ìgbà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo máa ń gbọ́ ọ. Ìsọ̀ ìyá yìí ni mo ti kọ́kọ́ fojú rí ohun tó túmọ̀ sí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wọn ọkà ni: kí á kì í mọ́lẹ̀, kí á mì í pọ̀, kí ó kún kí ó sì máa wọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ owó. Ohun tó sọ ni pé kí a má ṣe dáni lẹ́jọ́, kí a sì máa dárí ji ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ẹsẹ yìí dáadáa, kí ó kà á mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, kí ó sì lọ dúró níwájú ẹni tó ń wọn oúnjẹ fún aláìní.

Nígbà tí mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní irú òṣùwọ̀n yìí, ó ní ìyá òun ni, ẹni tó ń ta èlùbọ́, àti pé ìyá náà fẹ́ràn láti máa ka Ámósì orí kẹjọ sí àwọn ọmọ rẹ̀ létí. Níbẹ̀, wòlíì náà bá àwọn oníṣòwò kan wí, àwọn tí wọ́n ń béèrè ìgbà tí ọjọ́ ìsinmi yóò parí kí wọ́n lè tún ṣí àká ọkà, kí wọ́n dín òṣùwọ̀n kù, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n èké tan ènìyàn jẹ. Wọ́n pa ọjọ́ ìsinmi mọ́, wọn kò ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n inú ọjà ni ọkàn wọn wà ní gbogbo àsìkò ìsìn. Ìyá ní láti ìgbà èwe òun ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń ba òun lẹ́rù.

Ní ti iye owó, ọjà rẹ̀ kò pọ́ọ́kú. Kóńgò kan lọ́dọ̀ rẹ̀ sábà máa ń fi díẹ̀ wọ́n ju ti àwọn ìsọ̀ tó yí i ká, kì í sì í gbà kí a ná an, iye kan náà ló ń pè fún olówó àti tálákà. Èyí bí mi nínú ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí ọmọ Yorùbá ni mí, bí a kò bá sì ná ọjà, ó máa ń dà bí ẹni pé a kò kí ọlọ́jà dáadáa. Mo ṣì gbà pé ọjà nínà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá mọ̀ pé iye àkọ́kọ́ kì í ṣe abẹ ge. Àmọ́ ìdáhùn tó fún mi kò tíì kúrò lọ́kàn mi: “Ọmọ mi, tí mo bá pè é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, tí mo sì ti mọ̀ nínú mi pé ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀ ni n ó gbà, ọ̀rọ̀ wo ni mo wá sọ jáde lẹ́nu?” Ọ̀rọ̀ Jésù nínú Mátíù orí karùn-ún, pé kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ló dì mú. Irú èrò yìí kan náà ni àwọn Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Quaker nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dì mú ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí àwọn oníṣòwò wọn fi ń pe iye kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn. Nígbà tí mo sì fi ìwọ̀n ilé mi ṣírò ohun tí mò ń rà, mo rí i pé owó tó dín níbòmíràn, oúnjẹ náà ló dín.

Oṣù Kejì ọdún 2023 ni mo mọ irú ẹni tó jẹ́ gan-an. Gbogbo wa la rántí àsìkò yẹn, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, tí owó tuntun kò sí lọ́wọ́ ènìyàn, tí báńkì kún fọ́fọ́, tí àwọn onípí-ó-ẹ̀sì sì ń gba owó gọbọi kí wọ́n tó fún ènìyàn ní ìwọ̀nba tó fẹ́. Àwọn ọlọ́jà kan ń ta ọjà ní iye méjì, ọ̀kan fún ẹni tó mú owó dání, èkejì fún ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ láti inú báńkì. Ìyá ra ìwé ìkọ̀wé kan, ó kọ orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì ń ta ọjà láwìn fún wọn ní iye kan náà tó ń tà á tẹ́lẹ̀. Èmi náà jẹ ẹ̀wà àti gàrí àwìn yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan kò san. Kò pariwo gbèsè lé ẹnikẹ́ni lórí nínú ọjà; ó pe wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ láàárín òun àti àwọn nìkan. Nígbà tí ọdún parí, mo rí i tó ń fa igi lé orúkọ àwọn méjì, kò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn fún mi.

Ohun kan wà tí èmi àti rẹ̀ kò tíì fẹnu kò sí. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ lọ sókè, owó oúnjẹ sì gbéra. Ìyá náà fi owó lé ọjà rẹ̀, títí kan àwọn àpò tó ti rà kí nǹkan tó wọ́n. Mo sọ fún un pé èyí kò yàtọ̀ sí tàwọn tó kù. Kò jiyàn. Ó ṣí ìwé rẹ̀ fún mi, ó fi iye tó ra àpò ìrẹsì tẹ́lẹ̀ àti iye tí wọ́n ń pè é fún un lọ́sẹ̀ yẹn hàn mí, ó ní tí òun bá tà á ní iye àtijọ́, àpò mẹ́ta ni owó àpò mẹ́rin yóò rà, ìsọ̀ á sì kú kí ọdún tó yí po. Òye rẹ̀ yé mi, ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé ó yẹ kí ó ta díẹ̀ nínú ti àtijọ́ ní iye àtijọ́ fún àwọn opó tó wà lára oníbàárà rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí ni pé kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì fi orúkọ Ọlọ́run gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ mú, ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ ní láti mọ̀. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí èrò pọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin alábàárù kan já àpò gàrí sílẹ̀, ó tú dànù, ìyá sì sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i tó kan àwọn òbí rẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́. Mo lọ sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́, mo ń rò ó pé bóyá mo ti gbé e ga jù. Nígbà tí mo padà dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọmọ ìsọ̀ rẹ̀ sọ fún mi pé ó ti ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin náà ní Ọjọ́ Ajé, pé lójú àwọn ọlọ́jà tí wọ́n gbọ́ èébú yẹn ló ti sọ fún un pé, “Má bínú, ọmọ mi, mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí ọ, mo sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí àwọn tó bí ọ.” Ẹni tó bá mọ bí àgbàlagbà ṣe ń ṣe láàárín wa yóò mọ ohun tó ná an. Àgbà máa ń ra nǹkan fún ọmọdé tó bá ṣẹ̀, ó máa ń pè é wá jẹun, ó máa ń fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà. Kì í sábà ya ẹnu rẹ̀ pé òun jẹ̀bi, pàápàá lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ló ń bá mi gbé ẹrù dé ibi tí ọkọ̀ wà báyìí, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ fún mi rí láìjẹ́ pé mo béèrè.

Àwọn ọmọbìnrin méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́, ó sì ń san owó wọn ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta kó tó ti ìsọ̀. Ìsọ̀ Alhaja kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì tí Alhaja bá lọ kírun Jímọ̀, ìyá ló ń bá a ta ọjà, ó sì ní agolo tó ń kó owó rẹ̀ sí lọ́tọ̀. Ẹ̀wà olóyin kan náà ni àwọn méjèèjì ń tà.

Ẹ má lọ ní Ọjọ́ Àìkú, kì í ṣí; ní Ọjọ́rú, aago méjìlá ti máa ń kọjá kó tó dé láti ibi ìpàdé àdúrà. Inú ìsọ̀ náà ṣókùnkùn, àyè ìdúró kò sì ju ti ènìyàn méjì lọ. Kì í gbé ọjà lọ sílé fún ènìyàn. Ẹ̀wà àti gàrí rẹ̀ ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ìrẹsì Ọ̀fàdà rẹ̀ máa ń ní òkúta díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì sọ fún yín kí ẹ tó sanwó. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo lọ, ẹ̀gúsí tó wà nílẹ̀ ti ń yí àwọ̀, mo sì ti na owó sí i. Ó dá owó náà padà sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ sọ́dọ̀ Alhaja, pé tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárọ̀.