Hilux 3L àtijọ́ tí mo tún ṣe fún iṣẹ́ oko ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù mẹ́rin

Mo ti sọ fún àwọn tó ń bi mí léèrè pé mi ò ní sọ nǹkan kan nípa mọ́tò yìí àfi tó bá lo òjò ọdún kan gbáko lọ́wọ́ mi. Ó ti lò ó báyìí, ó tún fi oṣù mẹ́rin lé e. Hilux 1994 ni, onílẹ̀kùn mẹ́rin, four-wheel, ẹ́ńjìnnì 3L tó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀gẹ́ ni mo fi ń kó láti oko wa lẹ́yìn Pọ́ka wá síbi tá a ti ń yan gàrí, mo tún fi ń kó oúnjẹ ẹja àti omi. Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń kánjú lè máa lọ: mọ́tò tó dáa gan-an fún oko ni, tí wọ́n bá ní kí n tún un yàn òun náà ni màá yàn, àmọ́ owó tí mo ná kó tó dáa ju owó tí mo fi rà á lọ, bẹ́ẹ̀ ìdajì owó yẹn ni mi ò bá má ná tó bá jẹ́ pé mo mọ ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ háyà ló sún mi dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti hú u, ọjọ́ méjì, ó pẹ́ tán ọjọ́ mẹ́ta, inú ẹ̀ á ti máa dúdú, gàrí ẹ̀ ò sì ní dáa mọ́. Àwọn onípíkọ́ọ̀pù tí mo ń háyà, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń hú ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ní àwọn ti wà lọ́nà, ẹ ò ní rí wọn. Ẹ̀gẹ́ tó tó píkọ́ọ̀pù méjì ló bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ sínú oko, mo jókòó ti òkìtì ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, mo sunkún. Ọjọ́ yẹn ni mo ní èmi náà máa ní tèmi.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 3L? Torí kò ní kọ̀ǹpútà. Sílíńdà mẹ́rin ni, 2779 cc, kò ní tọ́bò, irin lásán ló ń ṣiṣẹ́ nínú pọ́ǹpù tó ń fún un ní dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ò nílò púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti pẹtiróòlù, afẹ́fẹ́ ni písítìnnì máa fún pọ̀ títí táá fi gbóná débi pé tí dísẹ́ẹ̀lì bá ti tú sí i á gbiná fúnra ẹ̀. Tó bá ti jí báyìí, waya kan péré ló nílò, èyí tó lọ sórí pọ́ǹpù tó ń jẹ́ kí dísẹ́ẹ̀lì kọjá. Ní apá ọ̀dọ̀ wa tí ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà mọ́tò wò ò sí nítòsí, ìrọ̀rùn ńlá lèyí. Àwọn ẹ́ńjìnnì D-4D oníkọ̀ǹpútà tó dé lẹ́yìn ẹ̀ lágbára jù ú lọ, wọ́n sì dùn ún wà jù ú lọ, àmọ́ nọ́súlù wọn, ìyẹn ẹnu tó ń tú dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, ò lè fara da dísẹ́ẹ̀lì tó dọ̀tí, ẹ sì mọ irú dísẹ́ẹ̀lì tá a máa ń rí rà nígbà míì.

Àṣìṣe mi rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ kùn. Ara mọ́tò náà ti ń jẹrà, ojú ń tì mí láti gbé e jáde, mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ páńẹ́ẹ̀lì bítà, wọ́n nà á, wọ́n kùn ún ní funfun, ó ń dán gbinrin. Oṣù kejì la rí i pé ṣásì, irin abẹ́ tó gbé gbogbo mọ́tò dúró, ti jẹ níbi tí síprín ẹ̀yìn so mọ́. Ẹni tó lò ó kó tó dọ́wọ́ mi, ẹja ló fi ń kó láti Ọjà Olúwo, omi yìnyín àti omi ẹja ti ń kán sórí ṣásì yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, irin náà ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Wẹ́dà ní láti tú ẹ̀yìn ọkọ̀ kúrò pátápátá kó tó lè jó irin tuntun mọ́ ọn, iná ẹ̀ sì ba ọ̀dà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó ẹ̀ jẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú mọ́tò yìí ní agbègbè ọ̀sà wa níbí, ẹ mú òòlù kékeré dání, ẹ wọ abẹ́ ẹ̀, ẹ máa kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn, irin tó bá le á dún gángán, èyí tó ti jẹ á dún bọ̀ǹbọ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀, jíà ṣeé pààrọ̀, ṣásì gan-an ni mọ́tò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ooru, torí òun gan-an ni mo ṣe jókòó kọ nǹkan yìí. Tí mo bá di ẹ̀gẹ́ kún un tí mo sì ń gun òkè, ọwọ́ témpúrẹ́ṣọ̀ á máa lọ sókè, tí mo bá dúró á sọ̀ kalẹ̀. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù sílíńdà àti búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, ló jó, ó tú u, ó ra tuntun, ó dè é padà, mo sanwó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Omi rédíétọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láìsí ibi tó ń jò, láàárọ̀ èéfín funfun á bo gbogbo àgbàlá, tí mo bá sì ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tó ṣì tutù, omi inú ẹ̀ á máa ta púkẹ́púkẹ́ bí ẹ̀kọ tó wà lórí iná. Mo pè é, ó ní, "Màdáámù, ẹ kàn máa bu omi sí i, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe." Irọ́ ni o. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kì í mu omi tó bá pé.

Bàbá kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde, tó jẹ́ pé dísẹ́ẹ̀lì nìkan ló ń ṣe, ló gbà mí. Kí Bàbá tó tú nǹkan kan ó ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ó ní kí n pa á, ó wá fọwọ́ yí fáànù iwájú. Fáànù ń yí fìrìrì bí òkòtó. "Ọmọ mi, wá wo ohun tó ń ṣe ọ́." Ṣé ẹ rí i, fáànù mọ́tò yìí ò so mọ́ ẹ́ńjìnnì gbọn-in, nǹkan rogodo kan ló wà láàárín wọn tí òróró sílíkóònù wà nínú ẹ̀, tí ibẹ̀ bá ti gbóná òróró yẹn á di fáànù mú kó máa yí kíkankíkan. Tó bá ti jò tán, fáànù kàn ń yọ̀ lásán ni, kò sí atẹ́gùn tó ń gba àárín rédíétọ̀ kọjá, ìgbà tí ẹrù wúwo tí mọ́tò ò sì lè sáré lẹ máa mọ̀. Nítorí náà tẹ́ńjìnnì bá gbóná, tẹ́ ẹ pa á, tí fáànù ṣì ń yí ràì lọ́wọ́ yín, nǹkan yẹn ti kú. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì láìwo ohun tó jó gásíkẹ́ẹ̀tì. Ó dùn mí gan-an, torí owó gàrí ni owó yẹn.

Nígbà tá a wá tú tọ́ọ̀pù sílíńdà, ó ti sán láàárín fáàfù méjì. Bàbá ní àìsàn ìdílé wọn nìyẹn, 2L, 3L, tí wọ́n bá ti jẹ́ kó gbóná kọjá ààlà, ibẹ̀ ló máa ń sán sí. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ Bàbá gba Ìkòròdú lọ sí Ládípọ̀, ọjà páàtì mọ́tò ní Múṣin, láàárọ̀ kùtù. Tọ́ọ̀pù tókunbọ̀ mẹ́ta la rí, Bàbá sì ti kìlọ̀ pé ká má sanwó èyíkéyìí tí wọn ò bá fi omi àti afẹ́fẹ́ dán wò lójú wa. Méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yọ omi, títí kan èyí tó mọ́ jù tí mo ti nawọ́ sí. Ohun míì tí mi ò gbọ́ rí láyé mi ni pé gásíkẹ́ẹ̀tì 3L kì í ṣe oríṣi kan, mẹ́ta ni, ọ̀kan nípọn ju ọ̀kan lọ, bí orí písítìnnì bá ṣe yọ kọjá ojú búlọ́ọ̀kù tó ló máa sọ èyí tó yẹ. Bàbá gbé géèjì kan tó lójú bíi ti aago, ó wọn písítìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kọ èyí tó fẹ́ sára páálí fún wa ká má bàa ṣì í rà. Tó bá tín-ín-rín jù, písítìnnì lè kan fáàfù, tó bá nípọn jù, kò ní lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa, kò ní tètè jí láàárọ̀. Ta ló wọn nǹkan kan nígbà àkọ́kọ́? Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

Wọ́n tú rédíétọ̀ fọ̀, ẹrẹ̀ pupa tó jáde níbẹ̀ pọ̀. Bàbá dá tẹmọ́sítáàtì, ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún omi lọ sínú rédíétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tí ẹnì kan ti yọ sọnù padà, ó ní kí n yéé bu omi kànga sí i, kúláǹtì ni. A pààrọ̀ táímìn bẹ́ẹ̀tì náà, bẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kí písítìnnì àti fáàfù máa ṣiṣẹ́ pọ̀ láìkan ara wọn, torí iná T-BELT tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, 100,000 kìlómítà ló máa ń kà kó tó tàn, mọ́tò tókunbọ̀ sì rèé, kò séyìí tó ṣeé gbára lé nínú nọ́ńbà ojú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀tì yẹn já lẹ́ẹ̀kan péré, písítìnnì á lọ pàdé fáàfù, ó parí.

Dísẹ́ẹ̀lì náà ò gbọ́dọ̀ ní omi nínú. Òun gan-an ló ń ṣe bí òróró fún inú pọ́ǹpù, omi tó bá wọ ibẹ̀ á ha á. Mo máa ń jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì tí mo bá rà sùn mọ́jú kí n tó dà á, torí omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, mi ò sì ń da ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sínú táǹkì. Láràárọ̀ Mọ́ńdè mo máa ń ṣí ẹnu kékeré tó wà nísàlẹ̀ fíítà tó ń sẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, màá jẹ́ kó ṣàn sínú agolo. Lóṣù keje ọdún tó kọjá, ìdajì agolo tómátì ni omi. Tẹ́ ẹ bá tú fíítà, ẹ máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lórí ẹ̀ títí á fi le, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ á wà nínú ẹ̀, ẹ máa yí sítátà títí bátìrì á fi kú. A gbé nọ́súlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ fún kálíbírésọ̀n, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n sì tún wọn ṣètò, èéfín dúdú tó ń yọ nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lọ lọ́jọ́ kan náà.

Bírékì àti kúlọ́ọ̀ṣì, tuntun ni mo ra, mi ò ra tókunbọ̀ ìyẹn. Síprín, mo fi ewé kan kún ẹ̀yìn.

Ṣé ó wá ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣe é dáadáa. Nígbà òjò, ojú ọ̀nà oko wa máa ń di àbàtà, mọ́tò kékeré ò lè dé ibẹ̀. Màá bọ́ sílẹ̀, màá yí họ́ọ̀bù táyà iwájú méjèèjì sí LOCK, màá fà á sí four low, jíà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fà pẹ̀lú agbára àmọ́ tí kì í sáré, á máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí màlúù tó ń fa nǹkan, kò ní kánjú, kò sì ní dúró. Lọ́jọ́ kan tá a ti hú ẹ̀gẹ́ tán tí òjò sì dé lójijì, ìrìn mẹ́ta ló rìn kílẹ̀ tó ṣú, kò sí èyí tó sùn sínú oko. Inú mi dùn débi pé mo fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀, mo ní "o ṣeun". Ọwọ́ témpúrẹ́ṣọ̀ ò kúrò ní àárín.

Àbùkù ẹ̀ ò ṣàì sí. Kò lè sáré, tẹ́ ẹ bá gbé ẹrù gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí Ìkòròdú ẹ fún un láyè, ẹ má bá ẹnikẹ́ni díje. Ariwo ẹ̀ pọ̀, àga ẹ̀ le, ẹ̀yìn á dun yín. Tọ́ọ̀nù kan tó kún ni mi ò ń jẹ́ kó kọjá, àwọn ọmọ tó ń bá mi kó ẹ̀gẹ́ máa ń fẹ́ di gegele sí i torí wọ́n ti rí i lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíì, mo máa ń bá wọn jà sí i. Ẹni tó jẹ́ inú ìlú ló ti ń rìn, kó má ra eléyìí. Ẹni tí kò bá sì ní mẹkáníìkì tó mọ dísẹ́ẹ̀lì nítòsí, kó kọ́kọ́ wá mẹkáníìkì náà kó tó wá mọ́tò.

Tí mo bá fẹ́ tún òmíràn ṣe, ṣásì ni màá kọ́kọ́ nawó sí, màá bọ́ sórí fáànù àti rédíétọ̀, kó tó kan dísẹ́ẹ̀lì, kó tó kan bírékì. Èyí tó kù lára tèmi báyìí ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kì í dè, okùn ni mo fi ń so ó, wẹ́dà ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá ti ọjà dé. Tó bá ṣe ìyẹn tán, mo lè wá tún un kùn.